Kì í ṣe ìyá odi nìkan ló yẹ kó gbọ́ èdè odi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, orí ara mi ni màá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, obìnrin kan fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ wá bá mi. Èmi ni mo ń kọ́ CI lọ́dún náà. Ọmọ náà ti tó ọmọ ọdún méje, ojú rẹ̀ dá ṣáká, ó ń wo gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn, kò sì sọ̀rọ̀. Mo wo kíláàsì mi tó kún fọ́fọ́, mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé mi ò lè gbà á, pé iléèwé àwọn adití wà ní Louho, ní Àjàṣẹ́, ibẹ̀ ni kó gbé e lọ. Ó bi mí pé, "Mẹ́tìrì, ta ni mo mọ̀ ní Àjàṣẹ́?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ọpẹ́ tó dá yẹn ń dùn mí títí dòní.

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, ó ń bá ìyá rẹ̀ ta iṣu létí títì. Ẹ ra iṣu 700, kí ẹ fún un ní 1.000. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, 300 yín ti wà lọ́wọ́ yín. Ọmọ tó mọ ìṣirò tó báyìí ni mo dá padà lẹ́nu ọ̀nà iléèwé. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìyá odi ló ń gbọ́ èdè odi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa ti sọ òwe yẹn di àwáwí. Bí ọmọ kò bá gbọ́ràn, bí kò bá ríran, bí kò bá lè rìn, a ó ní ti ìyá rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ìyá náà bá wá kú, ta ló máa gbọ́ èdè rẹ̀ nílé ìwòsàn, ní ilé mẹ́ẹ̀rì, níwájú adájọ́?

Mi ò sọ pé a kò láàánú o. À ń ṣe sàráà ní ọjọ́ Jímọ̀, à ń dáwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn baba wa ń pe abuké, àfín àti arọ ní ẹni òòṣà, èèwọ̀ sì ni kéèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n àánú yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́. Ẹni tó ń ṣàánú ló ń yan ọjọ́ tó wù ú àti iye tó wù ú. Ẹ̀tọ́ ní tirẹ̀, ẹni tó ni ín lè béèrè rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀tọ́ náà sì wà nínú ìwé. Òfin ìpìlẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ ní abala 26 pé ìjọba gbọ́dọ̀ máa bójú tó àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn arúgbó. Abala 13 ní dandan ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé àfi ọmọ tó bá gbọ́ràn. Ní 2012, Bẹ̀nẹ̀ wọ inú àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2017, òfin 2017-06 jáde láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn: ìwòsàn, ẹ̀kọ́, iṣẹ́, àti ọ̀nà àtiwọ ilé ìjọba. Àwọn aládùúgbò wa náà ní tiwọn: Tógò ní 2004, Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2011, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sì buwọ́ lu tirẹ̀ ní oṣù Kìíní 2019.

Òfin kò ní ẹsẹ̀. Àwa la máa gbé e rìn dé Pira.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ pamọ́ sí ìyẹ̀wù. Ẹ gba ìwé ìbí fún un bí ẹ ti ń gbà á fún àwọn yòókù, nítorí ọmọ tí kò níwèé, ìjọba kò mọ̀ pé ó wà. Ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbé-ayé ará ìlú ní Bantè, ẹ béèrè ohun tó tọ́ sí i, títí kan káàdì tí wọ́n ń pè ní carte d'égalité des chances.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: kíláàsì ti kún, wọn kò kọ́ wa níṣẹ́ yẹn. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èló ni ó ń náni láti fi ọmọ jókòó síwájú, láti kọjú sí i bí a bá ń sọ̀rọ̀, láti kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, láti fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tì í? Ta ló sì sọ pé adití kò lè kàwé? Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, kò gbọ́ràn rárá. Òun ló dá iléèwé àwọn adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, tó sì tún dá òmíràn sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1960.

Ẹ̀yin aláṣẹ wa, ohun tó kọjá agbára wa, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ ní èdè ọwọ́. Kò yẹ kó jẹ́ pé ọmọ Pira gbọ́dọ̀ fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ kó tó lè mọ ABD.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ bá ìyá ọmọ tí mo dá padà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mẹ́tìrì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà nílé tí kò lè rìn. Bí iléèwé bá wọlé, ṣé ẹ máa gbà á?"

Mo ní kó mú un wá. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, kẹ̀kẹ́ kò lè gùn ún. Ẹni tó bá ní símẹ́ǹtì, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ bíríkìlà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é kí oṣù Kẹsàn-án tó dé.