Òsì Tèmi Tàbí Òsì Tiyín?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ọ̀nà ilé baba ẹni. Ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí ni òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí ilé baba ẹni bá wà ní apá òsì ńkọ́?

Ní ọjọ́ kan, èmi àti àbúrò mi ń lọ síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n ìyá wa ní abúlé kan tí a kò dé rí. Nígbà tí a dé oríta, a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, a kí bàbá àgbàlagbà kan, a sì béèrè ọ̀nà. Bàbá kọjú sí wa, wọ́n fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àyà, wọ́n ní, "Ẹ yà sí ọwọ́ òsì, ẹ̀yin ọmọ mi." Òsì tiwọn ni wọ́n ń sọ, òsì tiwa ni a gbọ́. Kí a tó ṣẹ́rí padà, wọ́n ti bo sàréè. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì!"

Ó pẹ́ tí a ti ń fi gbólóhùn yìí bú ènìyàn bí òmùgọ̀. Lérò tèmi, èébú náà kò tọ́. Bí a bá yíjú padà, òkè kò kúrò ní òkè. Ṣùgbọ́n ọ̀tún a máa di òsì. Ẹ wo ààfin: Ọ̀tún ni ìjòyè ọwọ́ ọ̀tún ọba. Àlejò tí ó bá kọjú sí ọba, apá òsì tirẹ̀ ni yóò ti rí ọwọ́ ọ̀tún ọba. Síbẹ̀, oyè náà kò rú ẹnikẹ́ni lójú, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé ara ọba ni a fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹni tí ń júwe ọ̀nà ni kì í sábà sọ ara ẹni tí òun ń fi ṣe òdiwọ̀n.

Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, ni ọkọ̀ kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Títí di òní, ọmọ wa tí ó ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé lè kọ́kọ́ wo apá tí ọkọ̀ kò ti ń bọ̀ kí ó tó sọdá. Ta ni yóò pè é ní òmùgọ̀?

Bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. A máa ń ní, "Ọwọ́ tí o fi ń jẹun ni ọ̀tún." Ọmọ ọlọ́wọ́ òsì ńkọ́? Bí ó bá fi ọwọ́ tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a ó gbá a lọ́wọ́. Orúkọ òsì pàápàá fara jọ òṣì, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pè é ní ọwọ́ àlàáfíà. Ọmọ tí a dẹ́rù bà báyìí, ṣé kò ní í ṣiyèméjì ní oríta?

Àwọn baba wa ní ọgbọ́n tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìbàdàn, orúkọ àdúgbò gan-an ń tọ́ni sọ́nà: Òkè Àdó, Òkè Bọ́lá, Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, Oríta Mẹ́fà. Bí wọ́n bá ní kí o gun òkè lọ sí Màpó, ẹsẹ̀ rẹ yóò mọ̀ bí o bá ṣìnà.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa, bí ẹnìkan bá bi yín ní ọ̀nà, ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọjú sí ibi tí ó kọjú sí. Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe mọ́sáláṣí, ìbáà ṣe afárá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó sọ ọ̀tún tàbí òsì.

Wọ́n ní ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa béèrè, a sì ṣìnà, nítorí pé ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí ojú tì wá láti bi àgbà: "Bàbá, ṣé òsì tiwa ni, tàbí òsì tiyín?"