TA NI À Ń PÈ NÍ ỌMỌLÚÀBÍ?

Ọ̀rọ̀ náà "ọmọlúàbí" dùn lẹ́nu àwọn olóṣèlú wa púpọ̀. Bí wọ́n bá ti gun orí pèpéle, "Ẹ̀yin ọmọlúàbí" ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ní àkókò ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní Ọ̀ṣun, láàárín 2010 sí 2018, "Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí" ni a sọ odindi ìpínlẹ̀ náà. Orúkọ rere ni. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ṣe àkíyèsí pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ń súnkì.

Bí ọ̀dọ́ kan bá dìde níbi ìpàdé ẹgbẹ́, tí ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè bí a ti ṣe ná owó tí gbogbo wọ́n dá, lójú ẹsẹ̀ ni àwọn kan yóò pariwo pé kì í ṣe ọmọlúàbí. Ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí ó rí jìbìtì tí ó sì panu mọ́, òun ni wọ́n ń yìn. Àwa kò fara mọ́ èyí rárá.

"Ọmọ tí olú-ìwà bí" ni àwọn àgbà máa ń tú ọ̀rọ̀ náà sí. Wọn kò wí pé ọmọ tí ìdọ̀bálẹ̀ bí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1975, ìtẹríba wà nínú ohun tí ó kà sílẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́, akínkanjú, iṣẹ́ àti ọpọlọ pípé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ta ni yóò sọ àbọ̀ di odindi bí kò ṣe ẹni tí ń ronú?

A kò wí pé kí ọmọdé máa rí àgbà fín. Ẹni tí ó bú àgbà ní gbangba ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́, bí ó tilẹ̀ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin aṣíwájú ẹgbẹ́, ìwé ìṣirò ni ìdáhùn ìbéèrè owó, kì í ṣe èébú.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìwà ọmọlúàbí wà nínú iṣẹ́ Yorùbá tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìkíni àti ìkúnlẹ̀ a máa gba ojú pátákó tán. Òtítọ́ sísọ a wá kù sí ìsàlẹ̀, nígbà tí agogo ti ń lù. Bí ọmọ kan bá sọ fún yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹ ṣi ìṣirò ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe nà án. Ẹ pè é ní ọmọlúàbí níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.