"A Dúpẹ́" Kì í Ṣe Èsì fún Dókítà



Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, oníṣòwò aṣọ, ní àrùn ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbàkúùgbà tí mo bá sìn wọ́n lọ sí ọsibítù, dókítà a béèrè pé, "Màmá, ara ńkọ́?" Wọn a ní, "A dúpẹ́ o." Dókítà a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara le. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè sùn gbalaja mọ́. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n ń tò sẹ́yìn kí wọ́n tó lè mí lóru. Wọ́n ti fi ìsọ̀ wọn tí ó wà lókè àtẹ̀gùn sílẹ̀ fún ọmọ, wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lóru ọjọ́ kan èémí há mọ́ wọn láyà, a sáré gbé wọn dìgbàdìgbà. Orí ló yọ wọ́n.

Ta ni ó jẹ̀bi, ìyá ni tàbí dókítà? Lójú tèmi, ìbéèrè náà ni kò pé.

Ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, dókítà John Spertus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé oníbéèrè 23 jáde ní ọdún 2000 fún àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára tó. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ń dáhùn, nípa ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá. Ǹjẹ́ ẹ lè wẹ̀ kí ẹ sì wọṣọ láìsí ìnira? Ǹjẹ́ ẹ lè gun àtẹ̀gùn láìdúró simi? Ṣé ẹsẹ̀ yín wú nígbà tí ẹ jí? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ jókòó sùn, tàbí tí ẹ fi ìrọ̀rí mẹ́ta sùn? A ó wá ṣírò máàkì láti òdo dé 100. Ẹni tí ó gba 100 kò ní ìnira. Bí máàkì bá fi 5 péré já wálẹ̀, ó tó kí dókítà fiyè sí i. Èyí tí ó kúrú, oníbéèrè 12, jáde ní 2015.

Ẹ̀rọ lè fi bí ọkàn ti ń lù hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ìyá ti fi ìsọ̀ sílẹ̀.

Bí ìwé yìí kò bá sí ní ọsibítù yín, ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kọ iye ìrọ̀rí, bí ẹsẹ̀ ti rí, àti ibi tí ẹ lè rìn dé kí ó tó rẹ̀ yín. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ bá àwọn òbí yín kọ ọ́. Ẹ fi lé dókítà lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ìyá ń ṣe nísinsìnyí. Ní oṣù tó kọjá, ìwé wa fi hàn pé ìrọ̀rí kẹta ti padà dé. Dókítà yí oògùn padà lọ́jọ́ náà gan-an, a kò sì sáré òru mọ́.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́.