Kílárínẹ́ẹ̀tì fún Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́: Èwo Ni Ká Rà?

Bí ọmọ yín bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, tó ní olùkọ́ orin sọ pé kí òun ní kílárínẹ́ẹ̀tì, fèrè dúdú gígùn nì, ẹ má sáré lọ sọ́jà. Owó àjọ kò ṣe é fi ṣòfò.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ óò bá pàdé. Èkíní ni onígi. Igi dúdú líle kan tó ń hù ní Táńsáníà àti Mòsáńbíìkì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohùn rẹ̀ dùn, ó rinlẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, bí ọyẹ́ bá sì dé, ó lè sán. Ẹni tó rà á fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí aládùúgbò lè rí i, fààrí ló rà, kì í ṣe fèrè.

Èkejì ni oníke aláìlórúkọ: tuntun ni, ó ń dán, kò sì wọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún un! Irin púpọ̀ nínú wọn rọ̀, kì í pẹ́ tẹ̀. Tìmùtìmù kéékèèké tó yẹ kó bo ihò kì í bò ó dáadáa, afẹ́fẹ́ á sì máa jò. Ọmọ kò ní mọ̀ pé fèrè ló ń jò. Á rò pé orí òun ni kò gba ẹ̀kọ́. Á tì í sábẹ́ ibùsùn, àwa náà á ní ọlẹ ni. Owó lọ, ọmọ sì rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹ̀kẹta ni oníke tó lórúkọ: Yamaha YCL-255 ti Jàpáànì, Prodige ti Buffet Crampon ilẹ̀ Faransé, tàbí Jupiter JCL700 ti Taiwan. Ọyẹ́ kì í sán ike wọn, àwọn alátùn-únṣe sì mọ̀ wọ́n. Bí tuntun bá ju agbára yín lọ, àlòkù wọn tó dára sàn ju tuntun aláìlórúkọ lọ.

Ẹ mú olùkọ́ ọmọ dání. Kó rí i pé B flat ni, pé irin títẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 17, òrùka rẹ̀ 6. Kó fọwọ́ dí gbogbo ihò apá kan, kó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìsàlẹ̀, kó sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ láti òkè. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé, ó ń jò nìyẹn. Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ríìdì, pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dún lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ńbà 2 tàbí 2½ ló yẹ ọmọdé. Bí ọmọ bá fọn ọ́n tán, kó fi aṣọ nu inú rẹ̀, kó má sì fi í sínú oòrùn.

Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ ìná àpà, kò sì fẹ́ ahun. Ọ̀nà àárín ló dára jù. Kí Ọlọ́hun bùkún fún àwọn ọmọ wa, àmín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìńṣà Allah.