Nígbà tí Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Kò Ṣiṣẹ́ Mọ́



Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì mi, ìyá àgbàlagbà kan ni ó kọ ọ́. Ó ju ọdún kan lọ tí wọ́n ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún bàbá àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n ń fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ tọ́jú wọn, síbẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ Bàbá ń funfun sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Nígbẹ̀yìn, dókítà fi abẹ́rẹ́ fa mùdùnmúdùn jáde nínú egungun ìbàdí wọn, ó ní ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ó ń ṣàìsàn. Ọmọ wọn tí ó wà ní London wá sọ pé bí a bá yẹ mẹ́táìlì ara jíìnì wò, a lè mọ bí àrùn náà yóò ti rìn. Ìyá bi mí pé: ṣé oúnjẹ àwọn ni ó fà á? Ṣé ọ̀rọ̀ Bàbá ti bùṣe ni?

Ti oúnjẹ ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹ. Rárá o, ọbẹ̀ yín kọ́. Lóòótọ́, àìtó fítámì B12 tàbí fólétì inú ẹ̀fọ́ lè mú kí mùdùnmúdùn rí bí èyí tí àrùn yìí ti bà jẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí dókítà yẹ méjèèjì wò kí ó tó dárúkọ àrùn. Bí méjèèjì bá pé, kò sí ẹ̀fọ́ tí ó lè tún un ṣe.

Jíìnì ni ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kí ó tó ṣiṣẹ́. Mẹ́táìlì, èròjà tíntìntín kan, a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ inú ìlànà náà kò yí padà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kò rí i kà mọ́, bí ìgbà tí ojú ewé méjì inú ìwé bá lẹ̀ pọ̀. Ara tí ó dá ṣáká pàápàá ń lò ó láti pa jíìnì tí kò wúlò níbi kan lẹ́nu mọ́. Nínú àrùn yìí, a sábà ń rí i pé p15, jíìnì tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó dẹ́kun pípín, ti lẹ̀ pa, pàápàá bí àrùn bá ti ń súnmọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan láti Houston, ní Amẹ́ríkà, ní 2010, fi hàn pé ẹ̀mí àwọn tí mẹ́táìlì pọ̀ lára jíìnì wọn kì í sábà gùn tó ti àwọn yòókù.

Ìyá mi, ẹ má tíì sunkún. Ojú ewé tí ó lẹ̀ ṣeé yà. Azacitidine, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Czechoslovakia ní 1964, ń dín mẹ́táìlì náà kù. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àrùn yìí ní 2004. Nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2009, láàárín àwọn tí àrùn wọn le, ìdajì àwọn tí ó gbà á lo ju oṣù 24 lọ láyé; oṣù 15 ni ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú mìíràn. Kì í wo àrùn náà tán, owó rẹ̀ sì ga.

Bí ilé ìwòsàn yín kò bá yẹ mẹ́táìlì wò, ẹ má bínú sí wọn. Iye ẹ̀jẹ̀, kúrómósómù àti iye sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì dàgbà nínú mùdùnmúdùn ni àwọn dókítà ṣì ń gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ìwọ̀nyí ni kí ẹ béèrè.

Bí ibà bá mú Bàbá, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ti ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ gbé e lọ han dókítà kí ẹ tó tún fún wọn mu. Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí a ń fà sí wọn lára, ara kò sì mọ bí yóò ti lé àṣẹ́kù rẹ̀ jáde. Bí a bá tún fi ti inú ìgò kún un, inú ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ni yóò máa kó jọ sí.