Ìlù Ń Dún, Ìbò Dà?

  

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú ti sú àwọn. Wọ́n ní kí á wá olórin kan tàbí òṣèré kan tí gbogbo ayé mọ̀, kí á fi ṣe aṣojú wa, kí ọ̀rọ̀ parí. Mo gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, mo gbọ́ ọ lọ́jà Ìgbókòdá. N kò bá wọn jà. Ẹni tí òkun ti gba ilé bàbá rẹ̀ l'Áyétòrò, tó sì jẹ́ pé omi ló yí i ká tí kò rí mu, ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n kí á tó sáré, ẹ jẹ́ kí á wo ẹnì kan tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa.

Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni mò ń wí. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1938. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Ransome-Kuti, ni ọ̀gá ilé ìwé Abeokuta Grammar School. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó orí, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ní 1958, Fẹlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, orin ló lọ kọ́. Nígbà tó padà dé, iṣẹ́ rẹ̀ ju orin kíkọ lọ. Òun ló ni ẹgbẹ́ eléré rẹ̀, òun ló ń darí ibi ìṣeré tó pè ní Shrine, òun ló sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tún máa ń fi owó ara rẹ̀ ra ààyè nínú ìwé ìròyìn láti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tí kò bá ìjọba jẹun, ẹnu rẹ̀ kì í wúwo.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí màbo. Ní February 18, 1977, àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀, Kalakuta, l'Ékòó. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ìyá yẹn kú ní April 1978. Nígbà tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni. Ẹ gbọ́ ná, sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀!

Lẹ́yìn èyí ni Fẹlá dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, Movement of the People, tí wọ́n ń pè ní MOP. Ó ní òun yóò du ipò Ààrẹ ní 1979. Tó bá jẹ́ ti èrò, ta ló ní èrò tó Fẹlá? Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ FEDECO ka orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n gbà láyè, márùn-ún péré ni: UPN, NPN, NPP, GNPP àti PRP. MOP kò sí níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń jó sí orin rẹ̀ dé ibùdó ìdìbò, wọn kò rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé.

Àwọn kan á ní igbó tó ń mu, àti obìnrin 27 tó gbé níyàwó lọ́jọ́ kan ní 1978, ló bà á jẹ́. N kò ní gbèjà ìyẹn, èmi náà ní ọmọbìnrin nílé. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò mu igbó, ohun tó jọ ọ́ sì ṣẹlẹ̀ sí i. Ní 1959, NCNC kò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ló bá dá dúró láìsí ẹgbẹ́. Ìbò pín sí méjì, ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń bá jà ló wọlé. Ìyá tó lé ọba kúrò lórí oyè kò rí ìjókòó kan ṣoṣo gbà. Nígbà tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣì lè dá dúró. Lónìí ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ló lè gbé èèyàn kalẹ̀. Igi kan kò lè dá igbó ṣe.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ti ara mi, kí ẹ má ba à rò pé òkú òrìṣà ni mò ń bá wí. Ní ìdìbò kan tó ti kọjá, wọ́n fi àdúgbò kan sí ìkáwọ́ mi. Mo gbé eléré wá. Ọkọ̀ kún etí omi, tọmọdé tàgbà jó títí ilẹ̀ fi ṣú, inú mi ń dùn. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Owó epo ẹ́ńjìnnì tí à bá fi gbé àwọn aṣojú wa lọ sí inú odò lọ́hùn-ún, mo yọ nínú rẹ̀ fi kún owó eléré. Lọ́jọ́ ìbò, ibùdó mẹ́ta ni a kò ní aṣojú. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, a kò rí i. Ìwé tí à bá gbé lọ sílé ẹjọ́, a kò ní in. Wọ́n ní a pàdánù. Bàbá àgbà kan wò mí lójú, ó ní, “Ọmọ mi, mo gbọ́ ìlù lọ́jọ́ yẹn. Ìbò dà?” N kò rí èsì fọ̀.

Àwọn tó wà lórí àlééfà kò bẹ̀rù ìlù wa, wọ́n á tiẹ̀ bá wa jó. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ni ọmọ kan tó jókòó ti àpótí láti àárọ̀ títí wọ́n fi ka ìbò tán, tí bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní òun kò ní dìde àfi bí wọ́n bá fún òun ní ìwé èsì EC8A. Ẹ rántí August 1983 ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa. Wọ́n kéde Ọmọbóríowó ti NPN, ìlú gbiná, ẹ̀mí ṣòfò. Níkẹyìn, ilé ẹjọ́ ló dá ipò gómìnà padà fún Ajásin. Iná kò lè kà fún adájọ́ iye ìbò tí a dì. Ìwé ló lè kà á.

Nítorí náà, bí olórin bá fẹ́ bá wa ṣe é, kí ó máa bọ̀, ẹ jẹ́ kí á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó wá jókòó nínú ìpàdé wọ́ọ̀dù, kí ó mọ orúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ gba káàdì ìdìbò yín, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni nítorí ìrẹsì. Abúlé kọ̀ọ̀kan, ẹ yan èèyàn méjì tí ẹ fọkàn tán, tó mọ̀wé kà, tí kò ní sùn, tí kò sì ní gbàbọ̀dè. Ẹ fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí wa nísinsìnyí, kí ó má di ọjọ́ tó bá ku ọ̀la.

Ní tèmi, mo ti ya owó epo sọ́tọ̀. Eléré yóò gba èyí tó bá ṣẹ́ kù.