Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Linux Wo Ló Yẹ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́?

Lẹ́yìn ètò wa lórí Windows 10, ìbéèrè kan náà ni púpọ̀ nínú yín ń bi wá: "Mo ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nílé. Linux wo ló fúyẹ́ jù tí mo lè fi sí i?" Màá dáhùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ìbéèrè yẹn jà díẹ̀. Lójú tèmi, "èwo ló fúyẹ́ jù" kọ́ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. "Ta ló máa lò ó, kí ló sì fẹ́ fi ṣe?" ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Màámi ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí, kò sì dùn mọ́ mi.

Màámi ń gbé ní Manchester. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn ti wà láti 2013. 4GB ni RAM rẹ̀, háàdì dísìkì rẹ̀ sì jẹ́ irú ti àtijọ́ tó máa ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà tí Microsoft dá ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú kọ̀ǹpútà wọn. Lóòótọ́, Microsoft fi ọdún kan kún un fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, àmọ́ ọdún kan kì í pẹ́ lọ. Windows 11 kò sì gbà á, torí ó ń béèrè ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti CPU tó tuntun ju tiwọn lọ. Ẹnì kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n jù ú nù, kí wọ́n ra òmíràn ní £450. Wọ́n pè mí: "Ọkọ mi, ṣé ó ti kú ni?" Mo ní, "Rárá o, Mà. Kò kú. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọ̀ mí lára. Mo wá Linux tó fúyẹ́ jù nínú àwọn tí mo mọ̀, ìyẹn antiX. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, antiX dára. Ó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 256MB péré. Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà Màámi, ohun tó gbà nínú RAM kò tó 300MB. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò nọ́ńbà náà, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo padà sí London.

Ọjọ́ kẹrin, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ ní Ìbàdàn. Ọmọ-ọmọ àbúrò Màámi ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti Ìbàdàn, aago méje tiwa níbí, ni wọ́n ní kí gbogbo àwa tó wà lókè òkun wọlé sórí ìpè fídíò. Màámi ti wé gèlè láti aago mẹ́fà. Àfi bí Wi-Fi ṣe já. Wọn kò rí ibi tí wọ́n ti máa so ó padà, torí àmì rẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n pè mí lórí fóònù, mo ń pariwo "ẹ tẹ èyí, ẹ tẹ ìyẹn", bẹ́ẹ̀ mi ò rí ohun tí wọ́n ń rí. Nígbà tó fi máa so, wọ́n ti pe orúkọ ọmọ tán. Kódà nígbà tó so, fídíò náà ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró. Màámi kò bínú. Wọ́n kàn ní, "Kò burú, ọkọ mi. Ká ní mo ti ra tuntun ni, ǹ bá ti gbọ́ orúkọ ọmọ náà." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Kí ló dé tí fídíò fi ń dúró lórí ètò tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wò ó báyìí. RAM dà bíi tábìlì ilé ìdáná. Ohun tí a ń lò lọ́wọ́ ló máa ń wà lórí rẹ̀. Háàdì dísìkì ni yàrá tí a ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Linux tó fúyẹ́ kì í gba àyè púpọ̀ lórí tábìlì, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n búráúsà ni àlejò tó máa ń kó ẹrù rẹpẹtẹ wọlé. Ojú ewé kan tó ní fídíò nínú lè gba àyè ju ètò náà fúnra rẹ̀ lọ. Ojú ewé mẹ́jọ ni Màámi sì ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí wọn kì í pa wọ́n dé. Firefox kan náà ni, ì báà jẹ́ orí antiX ló wà tàbí orí Linux mìíràn. Tí tábìlì bá ti kún, kọ̀ǹpútà á máa sáré lọ sáré bọ̀ láàárín tábìlì àti yàrá ìkóǹkanpamọ́sí, háàdì dísìkì àtijọ́ sì lọ́ra gan-an. Ìyẹn ni pé mo fi àyè díẹ̀ pamọ́ lórí tábìlì, mo sì sọ ìrọ̀rùn Màámi nù. Òwò wo nìyẹn?

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo padà lọ. Mo yọ háàdì dísìkì yẹn, mo fi SSD kékeré rọ́pò rẹ̀. Mo fi 4GB RAM mìíràn kún èyí tó wà nílẹ̀. Gbogbo owó rẹ̀ kò tó £50. Lẹ́yìn náà ni mo fi Linux Mint sí i, oríṣi tó ń lo Xfce. Òun kọ́ ló fúyẹ́ jù. Ṣùgbọ́n mẹ́nù rẹ̀ wà ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, Wi-Fi àti aago wà lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí ojú Màámi ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Mo sọ àwọn lẹ́tà di ńlá. Mo jókòó tì wọ́n, mo ká ọwọ́ mi kò, títí wọ́n fi pe àbúrò wọn ní Ìbàdàn fúnra wọn.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó máa lo kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe ni eku yìí. Òun la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀n.

Ó dáa, ìdáhùn mi rèé. Tí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ 64-bit, tó ní 4GB RAM tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Mint Xfce ni mo fọwọ́ sí. Linux Mint 22 á máa gba àtúnṣe ààbò títí di 2029, ìyẹn náà ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ 2GB lẹ ní, ẹ gbìyànjú Lubuntu tó ń lo LXQt, tàbí MX Linux oríṣi Fluxbox, kí ẹ sì máa pa ojú ewé tí ẹ kò lò dé. Tí kò bá tó 2GB, tàbí tó jẹ́ 32-bit, ìgbà yẹn gan-an ni antiX àti Puppy Linux wúlò. Puppy lè gbé ara rẹ̀ sínú RAM pátápátá, ẹ sì lè tan án láti orí fláàṣì láì fọwọ́ kan háàdì dísìkì.

Àmọ́ ká má tan ara wa, ayé ti ń fi 32-bit sílẹ̀. Láti 2016 ni Google ti dá Chrome dúró fún un lórí Linux. Debian 13, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, kò ní ẹ̀dà tí a lè fi sórí 32-bit mọ́. Firefox náà fi í sílẹ̀ láti ẹ̀dà 145. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ṣì dára fún ìwé kíkọ àti orin gbígbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní fi wọ àkáǹtì báǹkì mi o.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, "Ṣé Mint náà ni ò ń pè ní Linux fífúyẹ́?" Ẹ jàre. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa lò ó, tí ẹ fẹ́ràn àtimáa tú nǹkan palẹ̀, ẹ lo èyí tó bá wù yín. Èmi gan-an ṣì ní antiX lórí kọ̀ǹpútà kékeré kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká má fi ẹsẹ̀ tiwa wọn bàtà fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ kọ́kọ́ da àwọn fọ́tò àti fáìlì kọ sí ibòmíràn. Ẹ tan Linux tí ẹ yàn láti orí fláàṣì. Ẹ wá jẹ́ kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà jókòó síwájú rẹ̀: kó so Wi-Fi fúnra rẹ̀, kó ṣí fọ́tò kan, kó pe ẹnì kan lórí fídíò, kó pa kọ̀ǹpútà dé, kó tún un ṣí. Tí kò bá rí i ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti fi hàn án lẹ́ẹ̀mejì, Linux yẹn kì í ṣe tirẹ̀, bó ti wù kó fúyẹ́ tó. Ẹ gbìyànjú òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ̀bùn kékeré kan wà fún yín nínú rẹ̀. Nínú ètò kíbọ́ọ̀dù Linux, lábẹ́ Nàìjíríà, Yorùbá wà níbẹ̀. Ẹ yàn án, kí ẹ máa kọ ẹ, ọ àti ṣ bó ṣe yẹ, láì san kọ́bọ̀.

Ẹ kọ̀wé sí wa o. Kọ̀ǹpútà wo lẹ ní nílé? Kí ẹ tó sọ iye RAM rẹ̀ fún wa, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń lò ó. Ó dàbọ̀.